Tí dókítà eyín ò bá gbọ́ tẹnu yín: bẹ́ ẹ ṣe lè yọ eyín láì jẹ́ kí wọ́n fìyà jẹ yín

Yíyọ eyín fúnra ẹ̀ kọ́ ló ń lé àwọn èèyàn sá, ìwà àwọn tó ń yọ ọ́ ni. Èèyàn á dùbúlẹ̀ sórí àga, iná á tàn sí i lójú, dókítà á wọlé kò ní kí i, kò ní sọ orúkọ ara ẹ̀, "ẹ yanu," ó ti gún abẹ́rẹ́, kò tíì pẹ́ tó ti ń tì tó ti ń fà, tí onítọ̀hún bá wá ké pé ó ń dun òun wọ́n á ní kò lè dùn yín, a ti fún yín lábẹ́rẹ́. Ọ̀pọ̀ ló ti rí irú ẹ̀ tí wọn ò dé ọ̀dọ̀ dókítà eyín mọ́ fún ọdún gbọọrọ, eyín ń jẹrà lẹ́nu wọn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń wú, oògùn ìrora ni wọ́n ń gbé mì lójoojúmọ́ torí ẹ̀rù. Ó ń bí mi nínú gan-an, torí ọ̀pọ̀ nínú ìyà yẹn ni kò pọn dandan, àwọn nǹkan wà téèyàn lè ṣe kó tó dé orí àga yẹn, nígbà tó bá wà lórí ẹ̀, àti lẹ́yìn tó bá kúrò ńbẹ̀.

Èyí tó ṣe kókó jù nínú gbogbo ẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ yòówù tẹ́ ẹ bá ní í sọ, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó ki nǹkan bọ̀ yín lẹ́nu. Tí owú, irin, àti rọ́bà tó ń fa itọ́ bá ti wọlé tán, kò sí bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ ṣàlàyé ara yín mọ́, ìró ọ̀fun lásán ló kù, dókítà tó ń kánjú á sì túmọ̀ ẹ̀ bó ṣe wù ú. Nítorí náà iṣẹ́ tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ yìí, kí ọjọ́ yíyọ tó pé ni.

Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá fún àyẹ̀wò àti ọ̀rọ̀ nìkan, kó má jẹ́ ọjọ́ tẹ́ ẹ kọ́kọ́ fojú kan dókítà náà lẹ máa yọ eyín, àfi tó bá jẹ́ pàjáwìrì. Lọ́jọ́ yẹn ẹ jókòó dáadáa, ẹ má dùbúlẹ̀, torí ó yàtọ̀ kéèyàn bá dókítà sọ̀rọ̀ lójúkojú àti kéèyàn na ẹ̀yìn sílẹ̀ kó máa wo òrùlé. Ẹ bi í pé kí ló dé tẹ́ ẹ fi fẹ́ yọ ọ́, ṣé kò sí bí wọ́n ṣe lè tọ́jú gbòǹgbò ẹ̀ kó wà níbẹ̀, kí ló lè ṣẹlẹ̀ tá a bá fi sílẹ̀, kí ló lè ṣẹlẹ̀ tá a bá yọ ọ́, ta ló máa yọ ọ́ gan-an, ṣé ẹ̀yin ni àbí ẹni tó ṣì ń kọ́ṣẹ́, èló ni gbogbo ẹ̀ pẹ̀lú abẹ́rẹ́ àti X-ray. Kò sí ìkankan níbẹ̀ tó jẹ́ àrífín. Dókítà tó dáa á dáhùn, á tún gbé X-ray síwájú yín á máa fi ìka tọ́ka. Èyí tó bá ń wo aago, tó ń sọ pé ẹ fi tiyín sílẹ̀ mo mọ iṣẹ́ mi, ó ti fi bó ṣe máa ṣe yín lórí àga hàn yín, tí ẹ bá sì lágbára láti wá ẹlòmíì ẹ wá ẹlòmíì kíá. Pàápàá tó bá jẹ́ eyín tó kẹ́yìn lẹ́nu, wisdom tooth, kì í ṣe gbogbo èyí tó há sínú erìgì ni wọ́n gbọ́dọ̀ yọ, tí kò bá dùn yín, tí kò wú, tí kò ba eyín ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ jẹ́, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti ní kí wọ́n ṣàlàyé ìdí tó fi gbọ́dọ̀ kúrò.

Tó bá jẹ́ ti ìsàlẹ̀ ni, ẹ béèrè nípa iṣan ìmọ̀lára, nerve. Iṣan kan wà nínú egungun àgbọ̀n ìsàlẹ̀ tó ń gbé ìmọ̀lára ètè àti àgbọ̀n, òmíì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ tó jẹ́ ti ahọ́n, gbòǹgbò eyín tó kẹ́yìn sì lè sún mọ́ wọn gan-an. Tí X-ray tí wọ́n sábà ń yà bá fi hàn pé gbòǹgbò ti fẹ́ẹ̀ fara kan iṣan náà, wọ́n lè ya irú àwòrán kan tí wọ́n ń pè ní CT, tó ń fi eyín hàn láti gbogbo igun, kí wọ́n lè mọ ibi tí wọ́n máa gbà. Tó bá jẹ́ eyín ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti òkè, ihò afẹ́fẹ́ kan wà nínú egungun lókè ẹ̀ tó já sí imú, ó sì lè ṣí nígbà tí wọ́n bá ń yọ eyín. Àwọn nǹkan yìí kì í ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ èèyàn, ṣùgbọ́n ẹnu dókítà ló ti yẹ kẹ́ ẹ gbọ́ ọ kẹ́ ẹ tó sáìn fọ́ọ̀mù, kì í ṣe lẹ́yìn tí ètè ti kú tán.

Lórí ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù yẹn náà, ẹ gba ẹ̀dà ẹ̀ lọ sílé kẹ́ ẹ kà á níbi tí kò sẹ́ni tó ń kán yín lójú. Wọn ò gbọ́dọ̀ gbé e wá fún yín láti sáìn lẹ́yìn tí wọ́n ti fún yín ní oògùn tó ń mú oorun tàbí ìtura wá, torí lásìkò yẹn ẹ ò sí nípò ẹni tó lè gbà tàbí kọ̀ nǹkankan. Tó bá jẹ́ pé irú oògùn oorun yẹn ni wọ́n máa lò, ìlànà tó wọ́pọ̀ ni pé oúnjẹ líle á ti dúró ní wákàtí 6 ṣáájú, omi lásán ní wákàtí 2, ẹnìkan gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé yín délé, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ wa mọ́tò tàbí fọwọ́ sí ìwé pàtàkì fún wákàtí 24.

Ẹ kọ gbogbo oògùn tẹ́ ẹ ń lò sílẹ̀, ẹ má fi sórí. Oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì bíi warfarin, ẹ sọ ọ́, àmọ́ ẹ má dá a dúró fúnra yín, dókítà tó kọ ọ́ fún yín àti ẹni tó fẹ́ yọ eyín ló máa jọ sọ ọ́. Èyí táwọn èèyàn máa ń gbàgbé jù ni oògùn tí wọ́n ń fún ẹni tí egungun ẹ̀ ń di ẹlẹgẹ́, bí alendronate, zoledronic acid tàbí denosumab, torí òmíì nínú wọn abẹ́rẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni, èèyàn ò sì kà á sí oògùn tó ń lò mọ́. Àwọn oògùn yìí lè mú kí egungun àgbọ̀n kọ̀ láti jinná lẹ́yìn yíyọ eyín, àtọdún 2003 ni wọ́n sì ti ń kọ nípa ẹ̀. Tí wọn ò bá bi yín, ẹ̀yin ẹ sọ ọ́.

Nǹkan tó kàn yìí ṣe pàtàkì sí mi gan-an, torí wọ́n ń yọ eyín tí kò yẹ kí wọ́n yọ, ó ń ṣẹlẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń ka eyín ju ẹyọ kan lọ. Èyí tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń lò, nọ́ńbà méjì méjì ni, ti àkọ́kọ́ ń sọ apá ibi tí eyín wà, ìkejì ń sọ ipò ẹ̀ láti iwájú lọ sẹ́yìn, torí náà wisdom tooth mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á jẹ́ 18, 28, 38 àti 48. Àwọn ará Amẹ́ríkà ní tiwọn, láti 1 dé 32 ni wọ́n ń kà á. Ẹ wá wò ó: 17 lọ́dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà ni eyín tó kẹ́yìn pátápátá nísàlẹ̀ lápá òsì, 17 ní ìlànà àkọ́kọ́ yẹn sì ni eyín òkè lápá ọ̀tún, èyí tó ṣáájú ti ìkẹyìn. Tí ìwé bá ti ọ̀dọ̀ dókítà kan lọ sọ́dọ̀ òmíì, tí wọn ò sì ka eyín bákan náà, wàhálà ti dé nìyẹn. Nítorí náà kí wọ́n tó gún abẹ́rẹ́, ẹ gba dígí lọ́wọ́ wọn, ẹ fi ìka kan eyín náà fúnra yín, kí dókítà fi irin kan án, kó tún fi hàn yín lórí X-ray. Òsì àti ọ̀tún tí wọ́n ń sọ, tiyín ni, kì í ṣe ti ẹni tó dúró níwájú yín. Ìṣẹ́jú kan péré ló máa gbà.

Lẹ́yìn ìyẹn ẹ bá wọn ṣàdéhùn lórí ọwọ́. Ẹ sọ ọ́ sétí dókítà àti nọ́ọ̀sì pa pọ̀, "Tí mo bá na ọwọ́ òsì sókè, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dúró, kẹ́ ẹ yọ irin kúrò lẹ́nu mi kí n sọ̀rọ̀." Mo ní ọwọ́ òsì torí ọ̀pọ̀ dókítà, apá ọ̀tún aláìsàn ni wọ́n ń dúró sí, ọwọ́ òsì ò ní kọ lu irin tó wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ dúró kí wọ́n dá yín lóhùn pé àwọn gbọ́. Ẹni tí kò bá lè gbà láti dúró tí aláìsàn bá nawọ́, ẹ má yanu fún un.

Ó wá kan abẹ́rẹ́ tó ń mú kí ẹnu kú, ibẹ̀ ni ìjà máa ń pọ̀ sí. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó yẹ kẹ́ ẹ gbọ́ lára àti èyí tí kò yẹ. Abẹ́rẹ́ yẹn ń pa ìrora, kì í pa títì àti fífà, torí náà ẹ máa mọ̀ pé wọ́n ń ti nǹkan lẹ́nu yín, ẹ lè gbọ́ ìró bíi kí nǹkan ya nínú egungun, orí lè máa mì, ìyẹn ò burú. Ṣùgbọ́n ìrora tó ń gún, tó mú ṣáṣá, tó jẹ́ kẹ́ ẹ fẹ́ fò kúrò lórí àga, ìyẹn kì í ṣe títì, abẹ́rẹ́ ò tíì mú dáadáa ni. Ó sì nídìí tó fi lè rí bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé ojo lẹ̀ ń ṣe: tí eyín bá ti ní kòkòrò tó sì ti ní ọyún, ara ibẹ̀ á ti ní ásíìdì, abẹ́rẹ́ kì í sì ṣiṣẹ́ dáadáa níbi tó bá ti rí bẹ́ẹ̀. Egungun ìsàlẹ̀ náà nípọn, wọ́n gbọ́dọ̀ lọ wá iṣan lẹ́yìn lọ́hùn-ún kí wọ́n tó lè pa á, abẹ́rẹ́ sì lè tàsé ẹ̀. Tó bá jẹ́ ti ìsàlẹ̀, àmì tẹ́ ẹ máa wò ni ètè, tí ìdajì ètè ìsàlẹ̀ lápá ibẹ̀ ò bá tíì kú pátápátá, ẹ sọ pé kò tíì tó, ẹ ní kí wọ́n fún un ní ìṣẹ́jú 10 sí i, kí wọ́n tún fi irin dán an wò. Tí ọkàn yín bá ń sáré lẹ́yìn abẹ́rẹ́, adrenaline tí wọ́n máa ń pò mọ́ oògùn náà ló sábà ń fà á, ẹ sọ fún wọn, ó máa ń lọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Tí ìrora bá dé, ẹ nawọ́. Tí wọ́n bá dúró, ẹ sọ ọ́ báyìí: "Ó ń gún mi, kì í ṣe títì. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi kún abẹ́rẹ́ kẹ́ ẹ tó máa lọ." Wọ́n lè fi kún un, wọ́n lè gún un sí etí eyín gangan, wọ́n sì lè sọ pé ká kọ́kọ́ tú ọyún ibẹ̀ dà kí ẹ padà wá, kò sóhun tó burú nínú ìkankan nínú wọn. Ohun tó burú ni kí wọ́n ní kẹ́ ẹ fara dà á. Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́, torí náà ẹ má dákẹ́ nítorí pé ẹ ò fẹ́ kí wọ́n pè yín ní alárìíwísí.

Ṣùgbọ́n tí dókítà bá kàn ń lọ, tẹ́ ẹ ti nawọ́ tí kò dúró ńkọ́? Ẹ di apá nọ́ọ̀sì mú jẹ́ẹ́, ẹ má gbá irin, ẹ má mi orí, torí irin mímú ló wà lẹ́nu yín. Tí ẹnu bá ti ṣófo, ẹ jókòó, ẹ gé owú jẹ, ẹ bi wọ́n pé ibo la dé. Ẹ̀tọ́ yín ni láti sọ pé mi ò ṣe mọ́, ẹ lè sọ ọ́ nígbàkígbà, àmọ́ tí wọ́n bá ti la erìgì tàbí tí eyín ti fọ́ sínú, ẹ má dìde jáde pẹ̀lú ojú egbò tó ṣí sílẹ̀ torí ìbínú. Ẹ ní kí wọ́n dá ẹ̀jẹ̀ dúró, kí wọ́n rán an tó bá yẹ, kí wọ́n kọ ohun tó ṣẹ́kù sínú ìwé, ẹlòmíì á sì parí ẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó kúrò lórí àga, ẹ béèrè ṣé gbogbo gbòǹgbò ló jáde. Nígbà míì wọ́n máa ń mọ̀ọ́mọ̀ fi ṣóńṣó gbòǹgbò sílẹ̀ torí ó sún mọ́ iṣan jù, ó lè jẹ́ ìpinnu tó dáa, àmọ́ wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún yín kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ béèrè nọ́ńbà fóònù tẹ́ ẹ máa pè lóru. Ẹ ní kí wọ́n kọ ìtọ́jú ilé sórí ìwé, torí kò sẹ́ni tó ń rántí nǹkan tí wọ́n sọ fún un nígbà tí orí ẹ̀ ṣì ń wú.

Nílé, ẹ gé owú gọ́ọ̀sì jẹ pinpin fún ìṣẹ́jú 30 sí 60, ẹ má máa ṣí i wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀jẹ̀ tó dì sínú ihò yẹn ló ń wo egungun sàn, òun lẹ̀ ń ṣọ́: ẹ má tutọ́ agídí, ẹ má fi sítírọ̀ mu nǹkan, ẹ má mu sìgá. Lẹ́yìn wákàtí 24 ẹ lè fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ oníyọ̀ ṣan ẹnu jẹ́jẹ́, ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀ sí ife omi kan tó. Wíwú máa ń pọ̀ jù lọ́jọ́ kejì sí ìkẹta, yìnyín ló dáa lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ fi aṣọ wé e, ẹ gbé e sí i fún ìṣẹ́jú 20 kẹ́ ẹ gbé e kúrò fún 20. Fún àgbàlagbà tí oògùn méjèèjì bá lára mu, ibuprofen 400 mg pa pọ̀ mọ́ paracetamol máa ń ṣiṣẹ́ gan-an, àpapọ̀ paracetamol ò sì gbọ́dọ̀ ju 4,000 mg lọ láàárín wákàtí 24. Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú tàbí àìsàn kídìnrín, aláboyún, ẹni tí irú oògùn yẹn máa ń ru asthma ẹ̀ sókè, ẹ bi dókítà kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ibuprofen.

Ìrora tó ń dínkù lójoojúmọ́ ò ní wàhálà. Èyí tó ti ń dínkù tó wá pọ̀ sí i lójijì láàárín ọjọ́ kejì sí ìkarùn-ún, tó ń ta dé etí, tí ẹnu ń rùn tí adùn burúkú wà lẹ́nu, ẹ̀jẹ̀ tó dì yẹn ló ti kúrò, egungun ti wà ní ìhòòhò, dry socket ni wọ́n ń pè é. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ti máa ń lé èèyàn padà lórí fóònù, "a yọ eyín ni, ó gbọ́dọ̀ dùn." Wọ́n sọ ọ́ fún àbúrò mi obìnrin náà bẹ́ẹ̀, ó ń sunkún mọ́jú, ìgbà tó lọ bá dókítà míì, ẹni yẹn fọ ihò náà ó sì fi oògùn dí i, kò pẹ́ rárá tí ara fi tù ú. Ìtọ́jú ẹ̀ ò nira, ó kàn gbọ́dọ̀ rí ẹni tó máa wò ó ni. Tẹ́ ẹ bá pè, ẹ má sọ pé "ó ń dùn mí" nìkan, ẹ sọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ sí i, ibi tó ń ta dé, òórùn ẹ̀, àti pé oògùn ò ràn án, kẹ́ ẹ ní ẹ fẹ́ kí wọ́n rí yín lónìí.

Tí ẹ̀jẹ̀ ò bá dá lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti gé owú jẹ pinpin fún wákàtí kan, tí ibà bá lé ní 38°C, tí abẹ́ àgbọ̀n bá ń wú tó ń le, tí ẹ ò bá lè gbé itọ́ mì tàbí tí mímí ń ṣòro, ẹ má pe ọ́fíìsì kankan, ilé ìwòsàn pàjáwìrì ni kẹ́ ẹ lọ. Tí omi tẹ́ ẹ mu bá ń gba imú jáde lẹ́yìn eyín òkè, ẹ má fun imú, ẹ padà lọ bá wọn. Tí ètè, àgbọ̀n tàbí ahọ́n bá ṣì kú lọ́jọ́ kejì, nígbà tó yẹ kí abẹ́rẹ́ ti tán pátápátá, ẹ pè wọ́n lọ́jọ́ náà, ẹ yàwòrán ibi tó kú sórí ìwé kẹ́ ẹ kọ déètì sí i, kẹ́ ẹ tún un yà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń padà bọ̀ sípò, àmọ́ èyí tí kò bá padà, ó gbọ́dọ̀ tètè dé ọ̀dọ̀ ẹni tó mọ̀ nípa iṣan, àwòrán yẹn á sì wúlò fún un.

Ní ti ẹjọ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an. Aago mélòó, ta ló wà ńbẹ̀, kí ni wọ́n sọ, ìgbà wo lẹ nawọ́, kí ni wọ́n ṣe. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Bó ṣe rí lára yín náà ṣe pàtàkì, àmọ́ ẹ fi í sí ibi tó yàtọ̀, kí ẹni tó ń kà á lè rí ohun tó ṣẹlẹ̀ kedere. Lẹ́yìn náà ẹ kọ̀wé béèrè ẹ̀dà ìwé ìtọ́jú yín àti X-ray kẹ́ ẹ tó kọ ìwé ẹ̀sùn, torí tí ìjà bá ti bẹ̀rẹ̀ ọwọ́ wọn lè bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ra. Ẹ pa rìsíìtì mọ́, ẹ ya fọ́tò ojú tó wú.

Ìwé ẹ̀sùn náà ò gbọ́dọ̀ gùn, ojú ewé kan tó. Ẹ kọ ọ́ sí máníjà tàbí ọ̀gá ọ́fíìsì náà, ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ gan-an: ṣé àlàyé ni, ṣé kí wọ́n bẹ̀ yín ni, ṣé owó yín ni, ṣé kí wọ́n sanwó fún ẹni tó máa tún un ṣe ni. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń kọ ìwé tó kún fún ìbínú tí kò sí ohun tí wọ́n béèrè nínú ẹ̀, ọ́fíìsì á sì fi "ẹ pẹ̀lẹ́" dá wọn lóhùn, ọ̀rọ̀ parí. Ẹ fún wọn ní déètì tẹ́ ẹ fẹ́ gbọ́ èsì. Tí wọn ò bá dáhùn, tàbí tí ìdáhùn ò bá nítumọ̀, ẹ gbé gbogbo ẹ̀ lọ sí ìgbìmọ̀ tó ń fún àwọn dókítà eyín níwèé àṣẹ níbi tẹ́ ẹ wà, àwọn ló lágbára láti pè wọ́n wá sọ tẹnu wọn.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹni yẹn ba ẹnu yín jẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí dókítà tuntun, ẹ sọ ọ́ lórí fóònù nígbà tẹ́ ẹ bá ń gba déètì, "wọ́n ti fìyà jẹ mí nígbà tí wọ́n yọ eyín mi, ẹ̀rù ń bà mí, mo fẹ́ kí ìgbà àkọ́kọ́ jẹ́ wíwò àti ọ̀rọ̀ nìkan, kò sírin, kò sábẹ́rẹ́." Ẹ fetí sí bí ẹni tó gbé fóònù ṣe dáhùn. Tó bá ní kò sí wàhálà, tó tún bi yín bóyá ẹ fẹ́ mú ẹnìkan dání, ẹ gba déètì yẹn.